Fáda Kevin Carroll Láàrin Àwọn Gbẹ́nàgbẹ́nà Èkìtì

Tí a bá ń ka orúkọ àwọn fáda òyìnbó tó lo ayé wọn ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àti àwọn tó dá ilé ìwé sílẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu. Àwọn ará Abẹ́òkúta á fi ti Fáda Coquard kún un, nítorí ilé ìwòsàn tó dá sílẹ̀ ní 1895. Kevin Carroll kò kọ́ kàtídírà kankan, kò sì joyè bíṣọ́ọ̀bù. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Ọyẹ́-Èkìtì ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́, níbi tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ti gbẹ́ igi fún Ìjọ Àgùdà láti 1947 títí di 1954. Ọdún méje péré. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọnà igi àwọn Èkìtì àti Ìgbómìnà ṣe la ìdajì kejì ọ̀rúndún tó kọjá já kò lè ṣe kó má gba Ọyẹ́ kọjá. Àwọn tó fẹ́ràn fáda yìí máa ń sọ pé ó sọ ọnà Yorùbá di Kristẹni. Àwọn tí inú wọn kò dùn sí i ní ńṣe ló gba ọnà lọ́wọ́ òrìṣà, tó gbé e fún Màríà. Ìhà méjèèjì ló gbà pé ọnà ní ẹ̀sìn kan tó jẹ́ olówó orí rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì rò pé wọ́n ti ṣì í. Ètò kíkọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ni Carroll gbà là. Ó rí i gbà là nítorí ó tètè yé e pé iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kò fìgbà kan jẹ́ ti ẹ̀sìn kan ṣoṣo.

Ọgbọ́n yìí kò wọ́pọ̀ nínú ẹgbẹ́ tó ti wá. Ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àwọn fáda míṣọ́n Áfíríkà, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí SMA, sílẹ̀ ní 1856. Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac tó dá a sílẹ̀ kò pẹ́ tó dé Freetown ní 1859 tí ibà pọ́njú fi pa á, òun àti àwọn tó bá a wá. Augustin Planque ló gba ipò rẹ̀. Nígbà tí Fáda Francesco Borghero gúnlẹ̀ sí Wídà ní 1861, Planque kọ̀wé sí i pé kó máa fi àwọn nǹkan ilẹ̀ náà ránṣẹ́ sí Lyon, kí wọ́n lè kó wọn jọ síbi tí àwọn ènìyàn á ti máa wò wọ́n. Báyìí ni ère, ọpọ́n àti ohun ìbọ ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, tí wọ́n sì di ẹ̀rí fún àwọn ará Faransé pé iṣẹ́ ìwàásù ń so èso. Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, Fáda Noël Baudin kọ ìwé lórí òrìṣà àti àwọn tó ń bọ wọ́n. Ó fara balẹ̀ wádìí, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó fẹ́ ṣẹ́gun ọ̀tá ló fi wádìí. Ẹni tó kọ́kọ́ yà kúrò lójú ọ̀nà yìí gan-an ni Fáda Francis Aupiais, tó ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́. Láàrin 1929 sí 1930, ó mú ayàwòrán kan dání lọ sí Dàhòmì, wọ́n sì ya fíìmù ìbọ àti ayẹyẹ ìbílẹ̀ láìfi wọ́n ṣẹ̀sín. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kò fara mọ́ ọn, wọn kò sì jẹ́ kó padà sẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá mọ ohun tí ojú Aupiais rí á mọ̀ pé ohun tí Carroll dáwọ́ lé ní Ọyẹ́ léwu.

Liverpool ni wọ́n bí Carroll sí, ní 1920. Ẹ̀ka àwọn ará Ireland nínú ẹgbẹ́ SMA ló wọ̀, Gold Coast tó di Gáná lónìí ló sì ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó gbé e wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Òun àti Fáda O'Mahony ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ Ọyẹ́ ní 1947. Igi gbígbẹ́ nìkan kọ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Àwọn tó ń hun aṣọ wà níbẹ̀, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ kó iṣẹ́ sára aṣọ tí fáda ń wọ̀ síbi pẹpẹ, wọ́n sì ń lo iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ irú èyí tí a fi ń ṣe adé ọba. Igi ló gbé orúkọ ilé iṣẹ́ náà jáde ju gbogbo wọn lọ, ohun tó sì fà á ni ibi tí àwọn fáda méjèèjì ti lọ wá olùkọ́. Wọn kò wá a lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọn kò sì ní kí ẹnikẹ́ni ti òkè òkun wá kọ́ àwọn ọmọ Èkìtì ní ìyàwòrán. Ọ̀dọ̀ Aréògún ará Òsì-Ìlọrin ni wọ́n lọ. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni, ilẹ̀kùn, òpó ààfin àti ère eégún Ẹpa rẹ̀ sì ti kún agbègbè náà. Ó ti dàgbà nígbà yẹn, ọdún tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé gan-an ló sì kú. Ọmọ rẹ̀ Bándélé, tí wọ́n ń pè ní George, ló wá sí Ọyẹ́ láti ṣe ọ̀gá.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí hàn nínú ọ̀rọ̀ Làmídì Fákẹ́yẹ. Ìdílé gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n bí Làmídì sí ní Ìlá Ọ̀ràngún. Baba gbẹ́nà, baba ńlá rẹ̀ náà gbẹ́nà. Ó ti ń gbẹ́ igi nígbà tí Carroll pàdé rẹ̀, ẹlòmíràn ì bá sì ti fún un níṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó máa sanwó fún un. Carroll ní kó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé fún ọdún mẹ́ta. Kí ọmọ ilé ọnà, tó ti mọ àáké mú, padà lọ jókòó sábẹ́ ọ̀gá! Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀ ní ìpele tí gbogbo gbẹ́nàgbẹ́nà mọ̀. Ọnà lílé ló ṣáájú, nígbà tí àáké á kọ́kọ́ pín igi sí orí, àyà àti ẹsẹ̀. Àlétúnlé ló tẹ̀ lé e, tí ojú, etí àti ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí wọ́n á fi irin mímú fá ara igi títí á fi jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn, tí ọ̀bẹ á wá fa ilà ojú, ìrun orí àti ọnà ara aṣọ. Ọmọ iṣẹ́ kì í bá fínfín bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ló máa ń lé ọnà, nítorí ibẹ̀ ni ère ti ń dára tàbí bàjẹ́. Bí ọnà lílé bá ti wọ́, kò sí ọ̀bẹ tó lè tún un ṣe. Àwọn ìpele yìí ni Carroll kọ sílẹ̀ nínú ìwé tó ṣe lórí iṣẹ́ ọnà ẹ̀sìn Yorùbá ní 1967. Kò sí ẹ̀sìn kankan nínú wọn. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ère Ẹpa náà ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ Màríà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n gbẹ́. Nínú àwòrán ìbí Jésù tí wọ́n ṣe, ọba Yorùbá ni àwọn amòye mẹ́ta tó wá láti ìlà oòrùn, wọ́n sì múra bí ọba ṣe ń múra. Ní ara òpó àti ilẹ̀kùn, àwọn tó wà nínú Bíbélì wọ agbádá, wọ́n de fìlà, wọ́n ń lùlù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí àrà tuntun tí fáda kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Rárá o. Àtọdúnmọ́dún ni gbẹ́nàgbẹ́nà Èkìtì ti ń gbẹ́ ohunkóhun tó bá wọ inú ayé rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, ó sì gbẹ́ òyìnbó ajẹ́lẹ̀ tí wọ́n gbé sórí ọ̀pá sára rẹ̀, níwájú ọba tó jókòó pẹ̀lú adé. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá ní Wembley. Ògògà kò gbà láti tà á, ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò rẹ̀, ọ̀dọ̀ British Museum ló sì wà títí dòní. (Ta ló jèrè nínú pàṣípààrọ̀ yẹn? Ẹ bi àwọn ará Ìkẹ́rẹ́.) Aréògún fúnra rẹ̀ gbẹ́ ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó gbé ìbọn sára ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn olórìṣà. Oníbàárà ló ń sọ ohun tó fẹ́, gbẹ́nàgbẹ́nà ló sì mọ bí yóò ṣe rí. Ohun tí Ìjọ Àgùdà ṣe ní Ọyẹ́ ni pé ó wọ àárín àwọn oníbàárà náà, lẹ́yìn ọba, ìjòyè, babaláwo àti ìyá ìbejì.

Ẹnìkan á ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé Ògún ló ni irin, pé gbẹ́nàgbẹ́nà kì í fi àáké kan igi láìbọ Ògún, pé ère ìbejì àti oṣé Ṣàngó kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Àmọ́ ẹ wo ibi tí agbára ère ti ń wá. Gbẹ́nàgbẹ́nà á gbẹ́ ère ìbejì tán, á gba owó àti oúnjẹ rẹ̀, á sì gbé e fún ìyá. Ètùtù, fífi osùn pa á lára, ìwẹ̀ àti oúnjẹ ọjọ́ ọdún, ilé ìyá ìbejì ni gbogbo rẹ̀ ti ń wáyé. Ẹni tó ń bọ ọ́ ló ń sọ ọ́ di ohun ìbọ. Ohun kan tún wà tí Carroll tẹnu mọ́, mo sì rò pé ó tọ̀nà. Púpọ̀ nínú ère tí a ń rí ní ojúbọ kì í ṣe àwòrán òrìṣà. Olùbọ ni wọ́n gbẹ́, obìnrin tó kúnlẹ̀ tó gbé igbá lọ́wọ́, ẹlẹ́ṣin, abiyamọ tó pọn ọmọ. Ìwà ọmọlúàbí níwájú ohun tó jù ú lọ ni ère náà ń fi hàn. Kí obìnrin tó kúnlẹ̀ fún Ṣàngó tó lè di obìnrin tó kúnlẹ̀ fún Jésù, gbẹ́nàgbẹ́nà kò nílò láti kọ́ ìdúró tuntun kankan. Kí a sì má gbàgbé pé Mùsùlùmí ni Làmídì Fákẹ́yẹ, tó gbẹ́ àgbélébùú, Màríà àti àwọn àpọ́sítélì fún ìjọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Nínú ìdílé rẹ̀, àwọn baba rẹ̀ ti gbẹ́nà fún olórìṣà. Iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́.

Àríwísí kejì nira ju èyí lọ, n kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìjọ tó ń sanwó fún gbẹ́nàgbẹ́nà ní 1947 ni ìjọ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún pé kí wọ́n jó ère baba wọn níná tàbí kí wọ́n kó o fún fáda. Àìsí oníbàárà ló ń pa iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ìwàásù àwọn oníwàásù, Àgùdà àti àwọn ìjọ Kristẹni yòókù bákan náà, pẹ̀lú ti àwọn Mùsùlùmí, sì wà lára ohun tó lé àwọn oníbàárà lọ. Nígbà náà, ẹni tó bá gbé omi wá síbi iná tí ìdílé rẹ̀ dá kò yẹ kó retí ìyìn púpọ̀. Mo gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo gbà pé ìfẹ́ inú fáda darí iṣẹ́ náà. Òun ló ń yan ìtàn tí wọ́n máa gbẹ́, òun ló ń sọ èyí tó dára tó láti gbé síbi pẹpẹ, bó bá sì kọ iṣẹ́ kan, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n kò sí oníbàárà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọba tó ní kí wọ́n gbẹ́ òpó ààfin fún òun náà ń sọ iye ìyàwó àti ẹṣin tó fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ sí i. Ohun tó ya Carroll sọ́tọ̀ ni pé ó mọ ibi tí àṣẹ rẹ̀ mọ. Ìtàn ni ó ń yàn, kò yan ojú tàbí ìrísí, kò sì fi àwòrán àwọn ará Ítálì lé Bándélé lọ́wọ́ pé kó gbẹ́ èyí tó jọ ọ́. Orí ère Màríà ní Ọyẹ́ tóbi bí orí ère Yorùbá ṣe ń tóbi, ojú rẹ̀ sì yọ bí ti ère Òsì.

Ìhà kẹta ni ti àwọn tó rò pé gbogbo ìlàkàkà yìí kò wúlò, nítorí ọnà àtijọ́ ti kú tán. Ní ọdún 1960 sí òkè, Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo kò wá ọmọ ilé ọnà. Àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ rí ni wọ́n fún ní ọ̀dà àti pákó, kí ohun tuntun lè jáde látinú ọkàn wọn. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, ayé sì mọ Òṣogbo nítorí rẹ̀. Èrò wọn pé ohun tí Ọyẹ́ ń ṣe jẹ́ ìkarahun tí ìgbín ti jáde nínú rẹ̀ ni n kò gbà. Tó bá jẹ́ pé ìgbàgbọ́ nínú òrìṣà nìkan ni ẹ̀mí ọnà, ó yẹ kí iṣẹ́ Làmídì kú ní kété tí Ọyẹ́ tì lẹ́kùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ wá láti Ọyẹ́ gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ilé ìjọsìn Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti fún àwọn ilé ìjọba. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, ère Odùduwà tó gbẹ́ síbẹ̀ ní 1987 sì di ohun tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Ní 2006, UNESCO dá a lọ́lá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn tí ìmọ̀ ìbílẹ̀ ń gbé inú wọn, kó tó kú ní Oṣù Kejìlá 2009. Gbogbo èyí ni ó fi ìpele mẹ́rin tí Bándélé kọ́ ọ ṣe. Àwọn ọmọ ìdílé Fákẹ́yẹ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ náà bá a lọ. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń lé ọnà kò ní ṣàìrí ohun tó máa gbẹ́, bí oníbàárà rẹ̀ tilẹ̀ pààrọ̀ nígbà mẹ́ta nínú ìran kan ṣoṣo.

Ibi tí Carroll ti kùnà ni ibi tí kò retí, ìyẹn láàrin àwọn Àgùdà fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le ní Róòmù. Póòpù Benedict kẹẹ̀ẹ́dógún ti kìlọ̀ fún àwọn míṣọ́nnárì ní 1919 pé kí wọ́n má fi ìfẹ́ ìlú wọn dípò ìhìnrere, iṣẹ́ Ọyẹ́ wà lára ohun tí wọ́n pàtẹ ní Róòmù ní 1950, nígbà tó sì di 1963 ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Vatican kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé iṣẹ́ ọnà gbogbo orílẹ̀-èdè láyè nínú ilé Ọlọ́run. Ọdún kẹrìndínlógún tí Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní abúlé, ère ẹfun tí wọ́n rọ ní Yúróòpù, tó ní ojú aláwọ̀ búlúù àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́. Ó rọrùn láti pe èyí ní ìtìjú tàbí ìsìnrú ọkàn. Èmi kò rò pé bẹ́ẹ̀ ló rí pátápátá. Ẹni tó ti kúrò nídìí Ẹpa tàbí Ṣàngó, tí ìyapa náà sì ti ná an ní ẹbí àti ọ̀rẹ́, mọ̀ dájú ohun tí ọ̀bẹ Òsì ti máa ń gbẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì tó sì rí Màríà tó kúnlẹ̀ bí obìnrin ojúbọ, ohun tó rí ni ohun tó ti kọ̀ sílẹ̀. Carroll, tí ọ̀nà rẹ̀ sí ọnà kò gba ojúbọ kọjá, lè ya ère sọ́tọ̀ kúrò lára ìbọ. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ láti máa wẹ ère ìbejì kò lè tètè yà á. Bí ọnà kò tilẹ̀ ní ẹ̀sìn, ojú tí a fi ń wò ó ní ìrántí. Èyí ni àríwísí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, n kò sì rò pé fáda náà rí ìdáhùn sí i títí Ọyẹ́ fi parí.

Carroll fúnra rẹ̀ kò dúró síbi tí ọ̀rọ̀ ti há. Lẹ́yìn 1954, ó bá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà náà ṣiṣẹ́ lọ́nà mìíràn. Ó ń wá iṣẹ́ fún wọn lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́, ó ń ya fọ́tò, ó ń kọ orúkọ ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ ní àkókò tí àwọn ilé àkójọ ní Yúróòpù ṣì ń kọ “ẹni tí a kò mọ̀” sábẹ́ ère Èkìtì. Àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ọnà Yorùbá lónìí jẹ ẹ́ ní gbèsè lórí èyí ju lórí ère kankan tó pàṣẹ rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó gba òkè Ọya lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí àwọn Haúsá ṣe ń mọ ilé amọ̀, ó sì fi èyí pẹ̀lú ti Yorùbá kọ ìwé lórí ilé kíkọ́ ní Nàìjíríà, tó jáde ní 1992. Ọdún kejì rẹ̀ ló kú. Nínú ìwé yẹn náà, ohun tó ń wá ni ohun tó wá ní Ọyẹ́: ta ni ọ̀gá, ta ló kọ́ ọ, báwo ló ṣe ń ṣe é.